Kí Orí Inú Má Ba Tòde Jẹ́: Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Àtijọ́ Kan àti Ẹ́ńjìnì Tuntun Rẹ̀

Àdúrà kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n: kí orí inú ẹni má ba tòde jẹ́. Ojoojúmọ́ ni a ń ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n a kì í sábà dúró bi ara wa léèrè ohun tí ó ń sọ gan-an. Ohun tí ó ń sọ ni pé ohun méjì ni ènìyàn, àti pé ohun méjì yìí lè máa gbé pọ̀ kí wọ́n má sì rẹ́. Inú lè lágbára kí òde má lè gbé e. Òde sì lè dára kí inú má bá a mu. Láti ogún ọdún ó lé ni mo ti ń fi àdúrà yìí ṣe òdiwọ̀n nígbà tí mo bá ń ṣe lámèyítọ́ ewì àti eré onítàn. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò fi ṣe òdiwọ̀n ọkọ̀.

Ní ọdún 2016, mo lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá fún ọdún kan ní yunifásítì kan ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni onílé mi. Píkọ́ọ̀pù kan wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, Ford F-250 ti ọdún 1976, irú èyí tí ẹ́ńjìnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó rà á ní tuntun, òun ni ó sì fi kó àgbàdo àti koríko màlúù títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orúkọ àpèjẹ́ fún irú ọkọ̀ yìí tí Ford ṣe láàrin ọdún 1967 sí 1977: highboy ni wọ́n ń pè é, nítorí pé láti iléeṣẹ́ ni ó ti ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Onílé mi tún wá gbé e ga sí i, tí ó fi jẹ́ pé ńṣe ni mo ní láti di irin mú kí n tó lè gun orí ìjókòó. Nígbà tí ó ṣáná sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohùn tí mo gbọ́ kì í ṣe ohùn tí mo retí. Ó ń dún kàtàkàtà bí ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo. Ìgbà náà ni ó sọ fún mi pé òun ti yọ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tí ọkọ̀ náà bá wáyé, òun sì ti gbé ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ti Cummins sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ní ìdojúkọ ilé náà. Obìnrin yìí kò gun ọkọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ó sọ ọ́ létí mi pé ọkọ̀ bàbá àwọn ti kú, awọ rẹ̀ nìkan ni àbúrò òun ń gbé kiri. Àbúrò ní tirẹ̀ sọ pé bí òun kò bá ṣe ohun tí òun ṣe, ìpẹtà ni ì bá jẹ ọkọ̀ náà tán lábẹ́ igi. Mo wà láàrin àwọn méjèèjì. N kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irú àríyànjiyàn tí mo fi ń jẹun ni èyí. Ẹnì kan ń sọ pé a ti pa ògbólógbòó iṣẹ́ kan, ẹnì kejì ń sọ pé a jí i dìde ni. Ta ni ó jàre?

Kí n tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí n sọ pé onílé mi kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí. Ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ Cummins sílẹ̀ ní ọdún 1919. Ẹ́ńjìnì olójú mẹ́fà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 6BT ni iléeṣẹ́ Dodge gbé sínú píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ fún ọdún 1989, tí agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 160. Àbúrò rẹ̀ olójú mẹ́rin, 4BT, ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ń pín búrẹ́dì kiri ìlú níbẹ̀. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbó tí ara rẹ̀ sì jẹrà, ẹ́ńjìnì náà sábà máa ń wà láàyè. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ a sì rà á, wọn a gbé e sínú Ford tàbí Chevrolet tí ó ti darúgbó. Wọ́n tilẹ̀ ti sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ: bí ara bá jẹ́ Ford tí ẹ́ńjìnì sì jẹ́ Cummins, Fummins ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní gírámà kò lè gbójú fo orúkọ yìí. Wọ́n mú lẹ́tà kan lára ọ̀kan, wọ́n gé orí èkejì, wọ́n so wọ́n pọ̀. Orúkọ náà kò sọ pé Ford ni, kò sì sọ pé Cummins ni. Ó jẹ́wọ́ pé ohun kẹta ni. Àwọn tí wọ́n fún un ní orúkọ yìí fi ẹ̀fẹ̀ sọ òtítọ́ tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn kò fẹ́ gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ya inú kan yàtọ̀ sí inú kejì. Nínú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù, púlọ́ọ̀gì ni ó ń tan iná sí epo. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fún pọ̀ títí ohun tí ó gba àyè mẹ́tàdínlógún yóò fi há sí àyè kan ṣoṣo. Ìfúnpọ̀ yìí a mú kí afẹ́fẹ́ náà gbóná kọjá 500 dígírì, bí epo bá sì ti tú sínú rẹ̀ báyìí, òun fúnra rẹ̀ a gbiná. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Paris ní ọdún 1858, ni ó ronú ọ̀nà yìí, ọdún 1897 sì ni ẹ̀rọ rẹ̀ yege ní ìlú Augsburg. Níbi ìpàtẹ ńlá ti Paris ní ọdún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnì irú rẹ̀. Diesel fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ẹ̀pà pọ̀ sí, ni ìjọba Faransé ní lọ́kàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ jìnnà sí wa tó bí ó ti dà bí ẹni pé ó jìnnà.

Ibo gan-an wá ni ọkọ̀ ti ń jẹ́ ara rẹ̀, inú ni tàbí òde? Àwa náà ti dáhùn ìbéèrè yìí rí, bí a kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ rántí bọ́lẹ̀kájà ayé àtijọ́. Ẹ́ńjìnì àti egungun Bedford ni ó ti òkè òkun wá, àwọn káfíńtà wa ni wọ́n kan pákó sí i. Ẹ rántí mọ́lúè ti Èkó. Mercedes 911 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lábẹ́, Jámánì sì ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jó irin ní ìlú wa ni wọ́n kọ́ ara tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí i lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó rí mọ́lúè tí ó sọ pé ọkọ̀ Jámánì ni. Lójú tiwa, òde ni ó ni orúkọ. A gba inú àlejò, a fi òde tiwa bò ó, ó sì di ọmọ ilé. Onílé mi ṣe òdì kejì èyí: ó fi òde baba rẹ̀ sílẹ̀, ó gba inú àlejò wọlé. Bí a bá fi ojú mọ́lúè wò ó, àbúrò ni ó jàre, ọkọ̀ baba wọn ṣì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Orúkọ nìkan kọ́ ni àdúrà orí inú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbàjẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì 6BT wọn tó bíi 1,100 pọ́n-ùn, èyí tí ó súnmọ́ 500 kílò, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n yọ fúyẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀, iwájú ọkọ̀ tẹ̀ bí ẹni tí ó ru ẹrù tí ó ju ọrùn rẹ̀ lọ. Wọ́n ní láti pààrọ̀ sípíríǹgì. Agbára tí dísẹ́ẹ̀lì fi ń yí ọ̀pá kì í dúró de eré kí ó tó jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń jáde, ó sì lè gé jíà tí a kò ṣe fún un bí ẹní gé ìrèké. Wọ́n ní láti pààrọ̀ jíà pẹ̀lú. Gbogbo èyí ni onílé mi mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti múra sílẹ̀ dè é.

Ohun tí kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ bíréèkì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè kékeré tí ó wà nínú oko rẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ bíréèkì náà sì le bí òkúta. Ọkọ̀ náà kò dúró àfi ìgbà tí ó wó ọgbà màlúù. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ lára bíréèkì. Àlàyé rẹ̀ nìyí: ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ní ìlẹ̀kùn kékeré kan ní ọ̀nà ọ̀fun tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìlẹ̀kùn náà a tì, ẹ́ńjìnì a sì máa fa afẹ́fẹ́ tí kò rí. Òfìfo tí fífà yìí ń dá sílẹ̀ ni bíréèkì àtijọ́ fi ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Fàlàlà ni ó ń mí. Nítorí náà kò sí òfìfo, kò sì sí ìrànlọ́wọ́ fún bíréèkì. Bíréèkì kò kú, ṣùgbọ́n ó ku ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan. Nígbà tí ó yá, onílé mi wá irú ẹ̀rọ ìrànlọ́wọ́ mìíràn, èyí tí ń lo ìfúnpá òróró tí ń mú kí ọwọ́ ọkọ̀ rọrùn láti yí. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ náà ti ń dúró nígbà tí a bá ní kí ó dúró.

Mo ro ọ̀rọ̀ bíréèkì yìí títí. Iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì àtijọ́ ń ṣe tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé ó ń gbé ọkọ̀ lọ. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni pé ó ń ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Bí a bá pààrọ̀ inú ohun kan, ohun tí a mọ̀ pé ó ń ṣe ni a máa ń wá ìdípò fún. Ohun tí ó ń ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ ni ó máa ń pa ènìyàn.

Èyí mú mi rántí eré onítàn Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní ọdún 1968. Ẹ́ńjìnì eré náà ti ilẹ̀ Gíríìkì wá, láti ọ̀dọ̀ Sophocles. Ara rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, pẹ̀lú ọba, ìlù, òwe àti babaláwo. Ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ onílámèyítọ́ fi kan eré náà ni pé àyànmọ́ ti Gíríìkì kì í ṣe àyànmọ́ tiwa. Ní ọ̀dọ̀ Gíríìkì, ohun tí a ti sọ ti di dandan. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹbọ wà, ètùtù wà, ẹsẹ̀ ẹni àti ìwà ẹni náà sì ní ipa tiwọn. Ẹbọ ni bíréèkì tí ó wà nínú ọkọ̀ Yorùbá, ẹ́ńjìnì Gíríìkì kò sì ní ohun tí yóò fi ràn án lọ́wọ́. Mo ti gba ẹ̀sùn yìí gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún eré náà kà lẹ́yìn tí mo ti Amẹ́ríkà dé, mo rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Rótìmí mọ̀ pé òfìfo kò sí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lórí oko iṣu ni Ọdẹ́wálé ti pa Ọba Adétùsà, nígbà tí bàbá náà bú ẹ̀yà rẹ̀ tí inú sì bí i kọjá ààlà. Ìdí nìyí tí Ọdẹ́wálé fi sọ ní ìparí pé kí a má di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà. Ìbínú àti ẹ̀tanú ẹ̀yà ni òróró tuntun tí òǹkọ̀wé náà fi dípò òfìfo àtijọ́. A lè sọ pé kò tó. A kò lè sọ pé kò mọ̀.

N óò padà sórí ọkọ̀, nítorí pé gíga rẹ̀ ṣì ń dùn mí. Mo kọ́kọ́ ka gíga náà sí fáàrí. Onílé mi mú bíró, ó sì fi ìṣirò já mi. Ẹ́ńjìnì yìí kì í fẹ́ kí a lé òun kọjá bíi 2,500 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan fún ìgbà pípẹ́. Jíà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà a máa yí ní ìgbà 4.10 kí ẹsẹ̀ tó yí ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí táyà bá ga ní 31 íǹsì, eré ọkọ̀ náà kò ní ju bíi 90 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí táyà bá ga ní 37 íǹsì, eré náà a tó bíi 108, láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnì ṣe wàhálà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Táyà ńlá ni ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tí kò lè sáré máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn ní ọ̀nà márosẹ̀. Táyà ńlá sì nìyí, kò lè wọ abẹ́ ọkọ̀ àyàfi bí a bá gbé ara ọkọ̀ sókè. Ohun tí mo pè ní fáàrí jẹ́ ìdáhùn òde sí ìbéèrè inú. Mo tọrọ gáfárà.

Mo wá bi í léèrè iye íǹsì tí ó gbé e ga. Ó ní 8. Mo bi í pé mélòó ni táyà náà nílò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní 4 ti tó. Íǹsì mẹ́rin ìyókù ni fáàrí. Kò sì sí fáàrí tí kì í ná ènìyàn ní nǹkan: bí ọkọ̀ bá ṣe ga tó ni ó ṣe rọrùn fún un tó láti dojú dé ní kọ́nà, awakọ̀ kì í sì í tètè rí ọmọdé tí ó bá dúró níwájú rẹ̀. Ààlà tí mo ń wá nìyí. Nínú iṣẹ́ ọnà, ohun ọ̀ṣọ́ tí ó bá dá inú lóhùn kì í ṣe àṣejù, bí ó ti wù kí ó ga tó. Èyí tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn ni a ó bi léèrè iye tí ó ń ná wa.

Ọ̀rọ̀ èéfín ni ó kẹ́yìn. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ da epo lé ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì lórí kí ó lè máa tú èéfín dúdú sójú àwọn tí ń kọjá, wọ́n sì ka èyí sí eré. Èéfín dúdú kì í ṣe àmì agbára, epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jóná tán ni. Ní ọdún 2012 ni àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi èéfín dísẹ́ẹ̀lì sí ipò àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa àrùn náà. Àwa tí a ń gbé láàrin jẹnẹrétọ̀ mọ bí ó ti rí láti sùn nínú irú èéfín bẹ́ẹ̀. Onílé mi kì í ṣe irú eré yẹn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tí ó ti pé ọgbọ̀n ọdún kò mọ́ bí ti òde òní, kò sì sí bí mo ṣe lè yin ọkọ̀ náà kí n má sọ èyí. Lámèyítọ́ tí ó bá ń yin ohùn tí kò mẹ́nu ba èéfín, ìpolówó ọjà ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi kúrò lọ́kàn mi ni pé mo ti ṣẹ ẹnì kan rí. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìrìn àjò náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ eré kan nínú èyí tí ọmọbìnrin kan ń sun ẹkún ìyàwó ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọ náà kò lọ sílé ọkọ, òkè òkun ni ó ń lọ. Mo fi gègé pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ pé èyí kì í ṣe ẹkún ìyàwó, mo sì fún un ní máàkì tí ó kéré. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n onílé mi ni mo sọ lọ́jọ́ náà: ẹ ti yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó ti kú. N kò bi í léèrè bíréèkì. Nínú ẹkún ìyàwó, ìyàwó a máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹbí kan sí èkejì, a dúpẹ́, a gba ìre, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi gbà láti kúrò nílé. Ìre tí ó ń gbà yìí ni ó ń dá ọkàn rẹ̀ dúró kí ó má fọ́. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ta ni yóò súre? Nígbà tí mo padà dé, mo wá ìwé náà jáde nínú àpótí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti dáhùn ìbéèrè tí n kò bi í. Ó jẹ́ kí ọmọbìnrin náà máa pe àwọn ẹbí rẹ̀ lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń tò lọ síwájú, tí kálukú wọn sì ń súre fún un, títí owó orí fóònù rẹ̀ fi tán kí ó tó kan ìyá rẹ̀. Ọmọ náà wá ìdípò fún òfìfo, ó sì tún mọ ibi tí ìdípò náà kò dé. Mo ti kọ lẹ́tà sí i. Máàkì kò ṣeé yí padà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ṣeé bẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn, ẹjọ́ tí mo dá ni pé ọkọ̀ bàbá wọn kò kú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n kúrò níbẹ̀ ni mo rí i pé ẹ́ńjìnì àtijọ́ náà wà nínú abà, lórí pákó, wọ́n fi tapólì bò ó dáadáa, wọ́n sì fi òróró pa á kí ó má dípẹtà. Mo bi onílé mi léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun kò fẹ́ fi ṣe ohunkóhun, ẹ̀gbọ́n òun ni ó máa ń wá nù ún.